Èjìká Ni Kó O Máa Wò

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹrin

Yìnyín ṣì wà lẹ́nu èbúté, ṣùgbọ́n ó ti là díẹ̀. Àwọn apẹja àti àwọn tó ń ra akàn ti parí ìjà owó wọn: dọ́là márùn-ún ó dín díẹ̀ ni ìwọ̀n kan. Ọ̀la ni àwọn ọkọ̀ máa jáde.

Hedley Rideout tó ni ilé iṣẹ́ dúró níwájú ilé wa ní ọ̀sán, kò tilẹ̀ pa ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wọlé wá jókòó. "Mena, ọdún kẹrìndínlógójì rẹ rèé nídìí tábìlì yẹn. Wá di alábòójútó fún mi." Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn irin tí alábòójútó máa ń dúró sí. Ìdajì irọ́ ni. Èémí mi ni kò gbà á, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ fún Hedley. Mo ní kó gbé e fún Corinne, ọmọ Loretta, tó lọ kàwé nípa ẹja ní St. John's tó sì padà wá sílé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n? Bride Tobin yín á fi í jẹ búrẹ́dì àárọ̀."

"Ìwọ ṣáà máa wò ó."

"Ó dáa. Títí kápílìn á fi dé. Bí iṣẹ́ ò bá gún nígbà yẹn, Strickland ni mo ń pè padà."

Kápílìn, ẹja wẹ́wẹ́ tí gbogbo ìlú máa ń fi garawa bù létí omi, kì í gun iyanrìn etíkun wa kí oṣù Kẹfà tó fẹ́ẹ̀ parí. Oṣù méjì àti díẹ̀ nìyẹn. Ọdún kan ṣoṣo tí Strickland fi ṣe ọ̀gá wa, obìnrin mẹ́ta ló lé lọ sílé torí pé wọ́n ń wúkọ́. Loretta wà lára wọn. Títí tó fi kú, ọ̀rẹ́ mi ò tún fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo fa ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kábàámọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Kẹrin

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé. Corinne dúró sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ lé ibi tí wọ́n ti ń yí bẹ́líìtì, ó ń jẹ́ kó sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kó tó di aago mẹ́wàá, akàn ti ń kọjá lára àwọn obìnrin kí wọ́n tó là á.

Nígbà ìsinmi tíì, mo fà á sẹ́yìn àwọn páálí. "Bí mo bá ti fọwọ́ kan fìlà mi, dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún wọn pé mo fi dẹ̀ ẹ́, Àǹtí Mena?"

"Má sọ nǹkan kan. Ta ló bi ọ́? Ṣé akàn ló máa bi ọ́ ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Loretta gan-an ni. Ó dùn mí dé inú egungun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Kẹrin

Òjò yìnyín. Mi ò lè di ìkúùkù. Leander ọkọ mi ló bá mi ṣí agolo mílíìkì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹrin

Ó ṣe ohun tí mi ò rò pé ọmọ tí wọ́n bí nílùú yìí lè ṣe. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tíì. Ó ti fi ìṣirò pín àyè fún gbogbo wa: ẹni tó yára síbí, ẹni tó lọ́ra sọ́hùn-ún. Ó gbé èmi sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ó gbé Bride Tobin kúrò lẹ́bàá fèrèsé.

Ibẹ̀ ni ìyá Bride dúró sí kí Bride tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, Bride máa ń gbójú sókè bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwé á sì pe ìyẹn ní ìlọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹnu èbúté ló ń wò. Bó bá rí ọkọ̀ Gus ọmọ rẹ̀ tó rì wọnú omi dáadáa, á ké pé, "Gus ti dé, ikùn rẹ̀ kún!" A ó mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì pọ̀, a ó rọra pín agbára wa. Bó bá ní ọkọ̀ fúyẹ́, a ó sáré parí, ká lọ sílé. Ojú Bride ni gbogbo wa fi ń ríran níbẹ̀, kò sì sí ìwé tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Bride ka ìwé náà. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó lọ dúró sí ẹ̀bá kòtò omi tí wọ́n yàn fún un. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ariwo Bride ò dẹ́rù bà mí rí. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yìí ni mò ń bẹ̀rù.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Karùn-ún

Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ìgbín ni. Kò sẹ́ni tó mọ iye akàn tó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Garawa mẹ́rìnlá la kó dà sómi torí pé akàn inú wọn ti kú kó tó kàn wọ́n. Hedley wá, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó wo Corinne, ó lọ.

Rowena tó máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ́lẹ̀, ọmọ Fílípíìnì, ọdún kẹta rẹ̀ rèé lọ́dọ̀ wa, ó rọra bi mí pé, "Àǹtí Mena, ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Fèrèsé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa."

Nígbà tíì, Bride kọjú sí mi. "Ìwọ lo mú ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí wá. Sọ fún un."

"Bí mo bá sọ ọ́ níwájú yín, á tẹ́. Bó bá tẹ́, Strickland dé nìyẹn."

"Kó máa bọ̀."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, Bride."

Ó mu tíì rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò dénú òun.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Karùn-ún

Mo dé síbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Corinne ti wà nínú ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ti wú.

Mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Afẹ́fẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn tí o gbé mi sí ń bá orúnkún mi jà. Ṣé o lè dá mi padà síbi tí mo wà tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n Rowena lo fi sí àyè mi. Ó di dandan kó kúrò. Tó bá kúrò, àyè rẹ̀ àtijọ́ ló máa padà sí, ẹni tó wà níbẹ̀ náà á sì ṣí. Báyìí báyìí, a ó máa bá a lọ títí a ó fi dé fèrèsé."

Ó ní, "Àǹtí Mena, orúnkún yín ò dùn yín."

"Ó ti ń dùn mí kí ìwọ tó mọ ìrìn rìn."

Nígbà náà ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ fèrèsé fún un, gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Mo rò pé ó kàn ń wo òkun ni. Ìyá mi ì bá ti sọ fún mi."

Mo ní, "Èmi náà rèé, mo ti sọ ọ́." Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Òun lè yí bẹ́líìtì, èmi ò lè gun àtẹ̀gùn. Kí ni ìjà wa?

Nígbà tí wọ́n dé, ó já ìwé náà lójú gbogbo wọn. "Afẹ́fẹ́ ń bá orúnkún Àǹtí Mena jà. Kí kálukú padà sí àyè rẹ̀."

Gbogbo wọn wò mí. Bride ní, "Orúnkún yẹn mà lágbára o! Obìnrin mọ́kànlélógún ló gbé lẹ́ẹ̀kan náà." Ẹ̀rín ta. Ní aago mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀bá fèrèsé: "Gus ti dé! Ikùn rẹ̀ kún!"

Mi ò gbádùn ohùn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ àwọn ìyá. Àwọn ọmọ pè láti Alberta, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. Leander din ìyẹ̀fun búrẹ́dì pípò nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, a da oje ìrèké dúdú lé e lórí, a jẹ àjẹyó.

Òkè yìnyín ńlá kan dúró sẹ́nu èbúté. Bí a ṣe ń gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà mẹ́ta ni mo dúró pé mo ń wò ó.

Leander ní, "Ọmọge, ìgbà kẹta nìyí. Ṣé ìwọ lo bí yìnyín yẹn ni?"

"Ó rẹwà lójú mi ni."

"Ikọ́ akàn ni, Mena, ti oru ilé iṣẹ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ọ bó o bá sùn. Lọ rí dókítà."

"Bí sáà bá parí."

"Akàn ò ní sunkún tó ò bá wá."

Ó ti wa ọkọ̀ lórí omi fún ogójì ọdún, kò sí irọ́ tí mo lè pa fún un. Mo ní màá lọ lóṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Oru omi gbígbóná ń rú jáde láti ibi tí wọ́n ti ń se akàn. Mo rí i pé ara Rowena ò lélẹ̀. Mo fọwọ́ kan fìlà, bẹ́líìtì rọlẹ̀, mo sì rán Rowena lọ bá mi mú páálí wá láti ìta, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Páálí wà lẹ́sẹ̀ mi o. Ó mú òmíràn wá, ojú rẹ̀ ti mọ́.

Hedley mú oníbàárà kan wá láti òkè òkun. Ó fi Corinne hàn án lórí àtẹ̀gùn. "Ọmọ yìí mọ iṣẹ́. Ẹ wò ó bó ṣe ń darí wọn." Corinne la ẹnu, ó ń wò mí. Mo mi orí fún un pé kó pa á dé.

Ìwà mi kọ́ ni kí n máa wá ìyìn. Lónìí, mo fẹ́ ẹ díẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kó lè kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 oṣù Karùn-ún

Kùrukùru láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́. Epo ọkọ̀ tún ti wọ́n sí i. Mílíìkì agolo ti di dọ́là mẹ́ta, bí ẹni pé màlúù ló ń wọkọ̀ òfuurufú wá síbí.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Mo lọ. Dókítà fi ẹ̀rọ tó kì bọ etí gbọ́ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan, mo fẹ́ ẹ, ó tún ní kí n fẹ́ ẹ. Ó ní kí n má padà síbi iṣẹ́ lọ́la. Mo ní ó di ìparí sáà. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀dọ̀fóró ò mọ sáà." Ó fún mi ní ike aláwọ̀ búlúù tí mo máa fà sẹ́nu bí èémí bá há. Mo fi í sí àpò kóòtù mi.

Mo sọ fún Leander pé dókítà fún mi ní ike kan. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Àwọn tó ń wúkọ́ lábẹ́ òrùlé yẹn, mo mọ̀ wọ́n ní orúkọ. Àwọn márùn-ún ni, yàtọ̀ sí èmi. Bí Strickland bá dé, ọ̀sẹ̀ kan ló máa fi mọ̀ wọ́n, á sì lé wọn. Mi ò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ kí ọmọ Loretta tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Ojú ọjọ́ kápílìn: kùrukùru, òjò wínníwínní, òtútù tó ń wọ ọ̀nà ọrùn. Wọ́n lè dé nígbàkigbà. Hedley ní òun ti bá Strickland sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé Strickland ti ṣetán àti wá. Ó sọ ọ́ sókè kí Corinne lè gbọ́.

Corinne wá jókòó tì mí nígbà tíì. "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀? Kí ẹni náà tó wúkọ́ rárá lọwọ́ yín ti ń lọ sí fìlà."

"Má wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ obìnrin á máa purọ́ fún ọ, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Èjìká ni kó o máa wò. Bí èémí bá ti ń há, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè."

"Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ibo ni mò ń lọ?"

Ó wò mí. Mo fi búrẹ́dì dí ara mi lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹfà

Kùrukùru bo fèrèsé, Bride ò rí ìta. Ọkọ̀ Gus ti wà létí èbúté láti aago mẹ́wàá, ó kún bámú. Ẹ̀rọ tó ń fa oru síta ń ṣe ségesège. Hedley ti kìlọ̀ fún Corinne láàárọ̀ pé, "Bí akàn Gus bá kú lónìí, Strickland á wà níbí lọ́jọ́ Ajé."

Rowena ni mò ń wò. Èjìká rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí n fọwọ́ kan fìlà, ọwọ́ ò gbéra. Mo rò pé ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo tún gbìyànjú. Bẹ́líìtì dúró.

Kò rọlẹ̀ o. Ó dúró pátápátá. Corinne ń sáré bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń pariwo: "Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀! Wọ́n pè mí, kápílìn ti gun iyanrìn! Ẹ gbé garawa, ogójì ìṣẹ́jú ni mo fún yín!"

Bride ní, "Ta ló pè ọ́?" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ àlàyé bí wọ́n bá ti dárúkọ kápílìn. Gbogbo wọn tú jáde pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, Rowena láàárín wọn.

Corinne dé ọ̀dọ̀ mi, kóòtù mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó." Kò bi mí ibi tí ike mi wà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ike búlúù náà. "Ẹ fà á. Ẹ tún fà á."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní, "Rowena..."

"Rowena ti wà níta. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Láti aago mọ́kànlá ni èjìká yín ti wà létí yín."

Mo fọwọ́ kan èjìká mi. Gbogbo sáà yìí ni mo fi ń ka èjìká ẹlòmíràn, mi ò rántí pé mo ní tèmi.

"Ṣé kápílìn dé lóòótọ́?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n mí.

Kí wọ́n tó dé, ó ti pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, oru ti ń jáde. Etíkun ṣófo, kò sí ẹja kan. Bride ló ṣáájú wọn wọlé pẹ̀lú garawa òfìfo. "Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì! Ṣé nínú ìwé lo ti rí kápílìn yẹn?"

"Mo ṣì í gbọ́ ni, Àǹtí Bride. Ẹ má bínú."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù wọ́n, ó ń gbà á. Bride wo kóòtù tó wà léjìká mi, ó wo Corinne, ó pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò sẹ́ni tó ń lọ sílé o, àfi bí ọkọ̀ Gus bá ṣófo." Corinne fi mí sí ìdí òǹtẹ̀ páálí, níbi tó jìnnà sí oru. Aago méje kọjá díẹ̀ kí a tó parí. Kò sí akàn kan tó kú.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹfà

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Hedley. Ó dúró láàárín wa. "Corinne, ìwọ lo dá iṣẹ́ dúró fún ẹja tí kò sí?"

Mo fi òǹtẹ̀ sílẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́, ikọ́ mi, ike mi, gbogbo rẹ̀.

"Èmi ni," ni Corinne wí. "Àṣìṣe mi ni." Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Gbogbo akàn Gus la parí. Ìwé rẹ̀ rèé."

Ó gba ìwé náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ohùn Bride dún láti ẹ̀bá fèrèsé: "Hedley, ọkọ̀ Selby ń bọ̀, ikùn rẹ̀ kún. Bó o bá fẹ́ dúró níbẹ̀, lọ wá ọ̀bẹ mú!"

Àwọn obìnrin fi ẹ̀rín lé e jáde. Lọ́sàn-án, ó pe Corinne lórí fóònù pé òun ti sọ fún Strickland kó jókòó sílé rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹfà

Kápílìn dé, tòótọ́ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbì ń dà wọ́n sórí iyanrìn, gbogbo ìlú wà nínú omi dé orúnkún. Leander ń fi àwọ̀n gbọ̀n wọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ láàárọ̀. Kò bá mi jà, ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Corinne wá jókòó tì mí lórí òkúta. Mo ní, "Mi ò ní padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Láti ọ̀la."

"Mo mọ̀. Mo ti ń retí kẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó ń wo omi. "Rowena ni màá fi sí àyè yín. Mo ti ń kọ́ ọ láti wo èjìká."

Mo retí kó bi mí pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò bi mí. Bride pè é láti inú omi pé kó wá wo bí kápílìn ṣe rí, kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ó bọ́ bàtà, ó sáré lọ bá wọn.

Mo wò wọ́n títí. Nígbà tó yá, obìnrin kan dúró láàárín wọn, ó ń mí gúlegúle, ọwọ́ mi sì gbéra fúnra rẹ̀ lọ sí orí mi. Kò sí fìlà níbẹ̀. Kí n tó gbé ọwọ́ náà wálẹ̀, Corinne ti gba garawa lọ́wọ́ obìnrin náà.